Omi Ọnárébù ní Lásunwọ̀n

Ọjọ́rú, 1 Fẹ́búárì 2023

Wọ́n gbé ọkọ̀ tó ń gbẹ́ bọ́hò dé igun àdúgbò wa láàárọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan, ọmọkùnrin márùn-ún, pósítà mẹ́rìnlélógún. Mo kà á. Pósítà ni wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun. Wọ́n lẹ méjì mọ́ ògiri mi. Wọn ò bi mí.

Omi ọ̀fẹ́ fún gbogbo Lásunwọ̀n, wọ́n ní. Ọkùnrin tó ń du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló rán wọn. Fìlà rẹ̀ ga débi pé ṣóńṣó rẹ̀ kò wọ inú pósítà. Fìlà ni màá máa pè é níbí. Àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Ọnárébù — ẹni tí a ò tíì dìbò fún.

Ọ̀fẹ́. Èmi ń ta omi ní ₦30 kẹ́ẹ̀gì kan. Bọ́hò tí Bàbá Rodiat fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbẹ́ kó tó kú, òun ló ń bọ́ mi, òun ló ń rán Rodiat ọmọ mi níléèwé. Láti géètì mi sí ibi tí wọ́n ń gbẹ́ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Oúnjẹ ẹnu mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 2 Fẹ́búárì

Wọ́n ti ṣe tán. Ọjọ́ kan àbọ̀. Wọ́n ti wa ọkọ̀ wọn lọ.

Nígbà tí Bàbá Rodiat gbẹ́ tiwa, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni. Páìpù mẹ́tàlélógún ló wọlẹ̀ ká tó rí omi tó mọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń kà á, torí páìpù kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀. Lánàá àti lónìí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ka tiwọn náà. Mẹ́sàn-án. Páìpù mẹ́sàn-án, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lórí ilẹ̀ Lásunwọ̀n. Ẹrẹ̀ ni wọ́n lọ kí.

Kò sí omi níbẹ̀. Màá sùn dáadáa lónìí.

Àbámẹ́ta, 4 Fẹ́búárì

Wọ́n ti gbé táńkì dúdú ńlá kan sórí irin. Ojú Fìlà wà lára rẹ̀, ó gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Táàpù mẹ́rin nísàlẹ̀. Inú táńkì náà ṣófo bí orí àwọn tó ń wò ó.

Ìyá Ìdrís, aránṣọ ọ̀ọ́kán mi, ti dìbò tán nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ronú kan omi àwọn lòun mọ̀. Kí ìrun Àsárì tó wọlé, mo ka èèyàn méje tó dúró nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n sọ ohun kan náà. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, abọ́ ike ni wọ́n fi mú Ìyá Ìdrís kan náà — abọ́ tí wọ́n ya ojú olóṣèlú sí nídìí. Ojú náà ti ṣí kúrò, abọ́ ti fọ́, ẹni náà kò gba àdúgbò yìí kọjá mọ́. Kò kọ́ ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Abọ́ ló tún ń wò, èyí kàn tóbi ni.

Bàbá Adéòjó nìkan, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi ìjọba, ló fi ọ̀pá rẹ̀ gbá táńkì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ́tí. Ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì

Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lónìí.

Mùsílíù wá sílé mi. Ọmọ tó ń fọn táyà ní ìkòríta nígbà kan, tí mo máa ń bu omi fún lọ́fẹ̀ẹ́ kó fi wá ibi tí táyà ti lu. Ó ti di aṣojú Fìlà ní wọ́ọ̀dù wa. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn yìí, ó gbá fáìlì mọ́ àyà. Ó kí mi bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní, Ìyá wa, ẹ ò mà dàgbà rárá. Mo ní kó sọ iye tó fẹ́ yá.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn. Ó ní àwọn tó gbẹ́ bọ́hò ti jẹ owó, ihò náà gbẹ, bẹ́ẹ̀ Àìkú tó ń bọ̀ ni Ọnárébù fúnra rẹ̀ fẹ́ wá ṣí i, àwọn oníkámẹ́rà ń bọ̀. Ó ní omi mi ni wọ́n fẹ́ yá. Wọn á fa páìpù láti inú táńkì mi gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí tiwọn. Títí di ọjọ́ ìdìbò. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Mo ń ṣírò. Kẹ́ẹ̀gì àádọ́jọ ni mò ń tà lójúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn: ₦4,500. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù sí ìdìbò tiwọn. Èèyàn kan ò ní í rà lọ́wọ́ mi mọ́ bí omi bá ń dà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Tún fi gbígbó pọ́ńpù sí i. Mo ní ₦350,000. Ó ní, Ìyá, àbí ẹ̀yin náà fẹ́ díje ni? Ó bẹ̀rẹ̀ láti ₦100,000. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ kírun. Ó lé mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

A parí rẹ̀ sí ₦300,000. ₦200,000 nísinsìnyí, ₦100,000 bí Fìlà bá wọlé. Epo jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ tiwọn ló wà. Mo ní mi ò gba owó lọ́wọ́, owó tuntun ò sí, ti àtijọ́ ò ná, àwọn oní-POS sì ń gba ₦200 lórí ₦1,000. Kó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì Rodiat.

₦100,000 tó kù yẹn — inú ọ̀rọ̀ "bí" ló wà. Mi ò fẹ́ràn "bí."

Ìṣẹ́gun, 7 Fẹ́búárì

Owó wọlé. Rodiat pè láti Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó bi mí ta ló kú tó fi ogún sílẹ̀. Mo ní òwò ni. ₦95,000 níbẹ̀ jẹ́ owó iléèwé rẹ̀, kó má fọwọ́ kan ìyókù.

Jímọ̀, 10 Fẹ́búárì

Wọ́n fa páìpù náà nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́sáláṣí fún ìrun Jímọ̀. Mùsílíù ló yan àkókò náà. Ó rò pé ọgbọ́n ni. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ sọ pé gọ́tà ni àwọn ń tún ṣe. Gọ́tà wo ló ń gba abẹ́ géètì èèyàn wọlé?

Wọ́n ti kún ilẹ̀ náà padà kí àwọn onímọ́sáláṣí tó dé. Ìyá Ìdrís kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. Ó kàn kí àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́ gọ́tà o. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá irú wọn.

Àìkú, 12 Fẹ́búárì

Fìlà wá. Ọkọ̀ mọ́kànlá tẹ̀ lé e. Kánópì mẹ́fà, àga ọ̀ọ́dúnrún, ìrẹsì àpò mẹ́rin, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì, aṣọ òkè tí wọ́n wọ̀ fún táńkì kí ó tó ṣí i — wọ́n wọ aṣọ fún táńkì. Mo jókòó lẹ́yìn fèrèsé, mo ṣírò gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n ná láti ṣí bọ́hò náà ju èyí tí wọn ì bá fi gbẹ́ ẹ dáadáa lọ.

Mo tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Nígbà tí Fìlà ṣí táàpù, omi tú jáde, èrò pariwo. Ó bu omi sínú ife, ó mu ún, kámẹ́rà ń wò ó. Ó ní, Ẹ̀yin ará mi, omi yìí mà dùn o. Omi ìlọsíwájú ni.

Omi mi ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tà á, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan kan rí àfi ọ̀wọ́n.

Ọjọ́rú, 15 Fẹ́búárì

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni mo tà láti Ajé. Àwọn tó rà á, àlejò ni wọ́n.

Mo gba iwájú àwọn tó ń pọn omi Fìlà kọjá lọ ra atarodo. Ìyá Ìdrís ní, Ìyá Rodiat, ẹ má bínú o, omi Ọnárébù mà dùn ju tiyín lọ. Tiyín máa ń rùn irin díẹ̀. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun ti fi se ẹ̀wà, ẹ̀wà náà tètè jinná. Òmíràn ní ara yíyún tó ń ṣe ọmọ òun ti lọ.

Omi kan náà. Táńkì kan náà. Ó kàn rin ogún ìṣísẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀. Pósítà ló ń dùn lẹ́nu wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó dára: bí ojú rẹ̀ bá wà lára nǹkan, nǹkan náà á dùn.

Mi ò fèsì. Wọ́n san owó fún mi kí n má fèsì.

Àìkú, 19 Fẹ́búárì

Kò sí iná láti ọjọ́ mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láàárọ̀ yìí. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá mi fi ń dùn mí. Púlọ́ọ̀gì ló ti jóná, ṣọ́ọ̀bù sì tì nítorí Àìkú.

Omi Ọnárébù dá wáí.

Mo yọjú láti òkè ògiri. Obìnrin bí ogún, wọ́n jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì wọn. Mo rò pé wọn á máa pariwo, wọn á máa pe Fìlà ní olè. Rárá. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń retí kí ọbẹ̀ hó. Ìyá Ìdrís rí orí mi, ó ní, Ìyá Rodiat, jẹnẹrétọ̀ yín ńkọ́? Kí ló ṣe é? Mo mọ̀ pé ẹ̀sín ni — wọ́n ti gba ọjà mi, wọ́n tún fẹ́ fi ẹ̀rọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kò kàn yín. Ó ní, Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pẹ́.

Kò pẹ́ ni Bàbá Adéòjó kan ilẹ̀kùn. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kan látinú àpò agbádá rẹ̀, ó wé e sínú bébà. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti wà nílé, òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ fi ṣe. Arúgbó dáadáa. Mo fún un ní ọsàn mẹ́ta.

Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe bú, àwọn ọmọdé ìta hó yèè. Ọnárébù ni wọ́n ń hó fún. Ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ sú mi.

Ọjọ́bọ̀, 23 Fẹ́búárì

Wọ́n ti iléèwé pa nítorí ìdìbò. Rodiat dé láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ. Kò tíì jókòó tó fi tẹ̀ lé ipa páìpù náà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú ojú, láti táńkì wa dé géètì. Ó ní, Màámi, ṣé òwò náà nìyí?

Mo ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe owó ló ń dun òun, irọ́ ni. Mo ní irọ́ Fìlà ni, èmi omi ni mo tà, omi mi kì í ṣe irọ́. Ó ní gbogbo àdúgbò kì í ṣe dìndìnrìn. Mo ní kó lọ jókòó tì wọ́n nídìí táàpù fún wákàtí kan kó tún wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ó lọ. Nígbà tó dé, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 25 Fẹ́búárì

Ìbò ààrẹ. Rodiat lọ. Èmi fọ aṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Máàṣì

Àwọn ti ẹnìkejì dé. Ẹni tí òun àti Fìlà jọ ń du ipò. Gíláàsì ni màá pe ìyẹn, torí gíláàsì ojú rẹ̀ dúdú, a ò tíì mọ̀ bóyá ojú wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò rí owó gbé wá, kò sẹ́ni tó rí owó. Iyọ̀ ni, ọ̀rá kan fún ilé kan, àti káàdì fóònù ₦500. Wọ́n ń kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò sílẹ̀.

Gbogbo wọn tò. Àwọn tó ń pọn omi Fìlà gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, wọ́n lọ gba iyọ̀ Gíláàsì, wọ́n padà wá gbé kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Ìdrís gba méjì, ó ní ọ̀kan fún ọkọ òun tó wà níbi iṣẹ́ ní Èkó.

Bàbá Adéòjó náà gba tiẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń fi ọ̀rá iyọ̀ náà na itan. Mo ní, Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà? Ó ní, Iyọ̀ ni wọ́n fún mi, Ìyá Rodiat, mo sì gba iyọ̀. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ ìbò, mo ní mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sílé rẹ̀. Arúgbó tí ojú ò tì.

Àwọn èèyàn yìí. Ẹni tó bá kẹ́yìn fún wọn ní nǹkan ni wọ́n máa ń rántí. Bí ẹnìkan bá gbé burẹ́dì wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdìbò, burẹ́dì á wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 9 Máàṣì

Wọ́n sún ìdìbò síwájú. Ọ̀tunla ló yẹ kó jẹ́, wọ́n ti sún un di ọjọ́ 18. Ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo pe Mùsílíù kó fi ₦20,000 kún un. Ó ní, Ìyá wa, ọjọ́ ìdìbò ni mo pè é, mi ò pe ọjọ́ 11. Mo rántí dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí mo máa ń bu omi fún kó fi wá ihò táyà.

Epo ńkọ́? Ó ní epo ti tán nínú ìṣirò àwọn.

Mo ra lítà márùn-ún lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú gálọ̀nù lójú pópó. ₦1,750. Owó ara mi. Bí mo bá pa jẹnẹrétọ̀, ₦100,000 lọ. Bí mi ò pa á, ₦1,750 lójúmọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá: ₦17,500. Ìṣirò náà ṣì dára. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́gun, 14 Máàṣì

Pọ́ńpù ti ń fa iyanrìn. Kò ṣiṣẹ́ tó báyìí rí, wọ́n ń pọn ọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń tún un ṣe ní ₦85,000 lòun máa gbà. Òun gan-an ni ₦100,000 yẹn fẹ́ ṣe. Fìlà gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi.

Jímọ̀, 17 Máàṣì

Mo dúró nídìí fáàfù tó ń ti páìpù náà. Kí n kàn yí i. Lọ́la ìdìbò, kí táàpù wọn gbẹ, kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń kọrin fún. Mo fọwọ́ kan irin náà.

Àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ níta. Ọ̀kan ní, Ẹ jẹ́ ká pọn púpọ̀ lónìí o, a ò mọ bí Ọnárébù ṣe máa jí lọ́la. Ìyá Ìdrís ní, Ẹ tilẹ̀ bá mi gbàdúrà fún ẹ̀rọ Ọnárébù, mo gbọ́ tó ń wúkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Mo ṣí ọwọ́ mi kúrò. ₦100,000.

Àbámẹ́ta, 18 Máàṣì

Mo lọ dìbò. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe rí, ìwé yìí kì í sọ̀rọ̀.

Ibùdó ìdìbò wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo tò fún wákàtí méjì. Mo wo gbogbo wọn nínú oòrùn: àwọn iyọ̀, àwọn káàdì fóònù, àwọn omi ọ̀fẹ́. Mo ń ṣàánú orílẹ̀-èdè. Àwọn ti Fìlà ló rọrùn jù láti mọ̀, ogójì ni wọ́n, orúkọ wọn wà nínú fáìlì Mùsílíù, wọ́n jẹ ìrẹsì lójú gbogbo wa. Wọ́n dúró pọ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ó kàn mí. Mo wọ ibi tí wọ́n fi aṣọ ká, mo tẹ́ ìwé náà. Mo tẹ̀ka fún Fìlà. Mo dúró díẹ̀ kí tàdáwà gbẹ kó má bàa tàn dé àyè ẹlòmíràn. Tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Tèmi kì í ṣe torí ife omi. Òwò ni, owó mi wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n da ìbò sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Gbogbo èrò ń bá wọn kà, bí a ṣe máa ń ṣe é. Èmi náà ń kà. Ti Fìlà ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Mo ti múra sílẹ̀ láti kà títí ọ̀fun á fi gbẹ.

Ó dúró lórí mọ́kànlélógójì.

Mo rò pé ẹni tó ń kà á fẹ́ sín ni. Ó nawọ́ sí ti Gíláàsì. Ìyẹn lọ títí, ó kọjá ọgọ́rùn-ún, ó kọjá àádọ́jọ, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń kà. 187. Rodiat wà láàárín wọn, òun àti Ìyá Ìdrís di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń fò.

Àìkú, 19 Máàṣì

Fìlà wọlé. Ibòmíràn ló ti rí i, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ó wọlé ṣáá.

Mùsílíù dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ tojú-tojú, wọ́n tú táàpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní ₦100,000 mi ńkọ́. Ó ní, Ìyá wa, mọ́kànlélógójì, ojú ò tì yín? Mo ní bí ó bá wọlé ni a sọ, ó ti wọlé, a ò dárúkọ ibùdó kankan. Ó ní, Ẹ lọ pe lọ́yà. Ṣé a kọ ọ́ sílẹ̀ ni? Ó ní èmi ni mo tú àṣírí fún àwọn ará àdúgbò, torí báwo ni wọn ì bá ṣe ta kò wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo fi Kùránì búra pé mi ò sọ fún ará àdúgbò kankan. Òótọ́ sì ni. Mo ní kó fún mi ní owó púlọ́ọ̀gì tí mo rà. Ẹ gbọ́ mi. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n bùn mí.

Ó lọ. Eruku ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì balẹ̀ tí Ìyá Ìdrís fi wọlé, kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́, ₦60 lórí wọn. Ó ní kí n bá òun pọn ọ́n.

Mo ní, Omi tó ń rùn irin?

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. Ó ní, Ìyá Rodiat, ẹ jọ̀ọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá bú, omi Ọnárébù á dé. Bí ẹ bá pa á, omi Ọnárébù á lọ. Ìdrís ọmọ ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní Ajé, ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí i. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Táàpù Ìyá Rodiat ni wọ́n ń pè é. Àbí ẹ rò pé gọ́tà ni mo rí tí wọ́n gbé gba abẹ́ géètì yín? Bàbá Adéòjó ti gbá táńkì náà, ó ti sọ fún wa pé òfìfo ni kí Mùsílíù tó wá bá yín rárá. Ta lẹ rò pé ó ní kí Bàbá gbé púlọ́ọ̀gì wá fún yín?

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

Ó ní, Ká sọ fún yín kí ẹ wá pa á? Ìgbà wo ni owó irú wọn ti dé àdúgbò yìí rí? A ní kí Ìyá Rodiat jẹ ẹ́, ká mu ún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a ò ra omi, àwa náà fi owó ẹ̀ ra gààrí. Ti pé ó dùn ju tiyín lọ yẹn, ẹ̀yin la fi ń ṣẹ̀rín. Ẹ ò rí bí ojú yín ṣe máa ń rí.

Mo ní, Ọnárébù wá ńkọ́? Ó ní, Ẹni tó fi pósítà bo ihò gbígbẹ, tó ra omi yín ní ìkọ̀kọ̀ láti wá tà á fún wa bí ohun ọ̀fẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹnìkejì rẹ̀ ò sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ tiẹ̀, iyọ̀ ni.

Mo pọn omi fún un. Mi ò gba ₦60 náà. Ó tún wò mí dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ wo ibi tí aṣọ ti ya. Ó ní, Ohun kan ṣoṣo ló ń rú wa lójú o. Àwọn tiwọn ò ju ogójì lọ, a mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a mọ ilé wọn. Ta ni ẹnìkan yẹn?

Ọjọ́ Ajé, 20 Máàṣì

Wọ́n ti padà tò sẹ́nu géètì mi láti aago méje. ₦30. Pọ́ńpù ń fa iyanrìn, ṣùgbọ́n ó ń fà. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹni kọkànlélógójì ṣe eré láàárọ̀ yìí. Ẹnìkan ní ìyàwó ìmáàmù ni. Ẹnìkan ní ẹni tó ń ta atarodo ni, ojú rẹ̀ ti wú láti àná. Bàbá Adéòjó ní wèrè kan ni, ó ti ibòmíràn wá. Rodiat dúró tì mí, ó ń gba owó, ó ní, Màámi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ta lẹ rò pé ó jẹ́ ná?

Mo ní kí wọ́n lọ tún un kà.